Owó Tó Há Sójú Ọ̀nà

Ọjọ́ Ẹtì ni, 5 oṣù Kejì, ọdún 2021. Ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú ní Yábà, obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì nísàlẹ̀ ọ́fíìsì wa ti ń pa iná rẹ̀. Fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀kejì, kó tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo fóònù tó wà nínú yàrá náà ti ń ké. Ẹnì kan ya fọ́tò lẹ́tà kan, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Lẹ́tà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ni, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí CBN, àwọn báńkì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Kò gùn rárá. Ó ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan wá ẹnikẹ́ni tàbí ilé-iṣẹ́ tó bá ń fi àkáǹtì ṣòwò owó kírípítò jáde, kí wọ́n sì ti àkáǹtì bẹ́ẹ̀ pa lójú ẹsẹ̀. Ó ní báńkì tó bá tàpá sí i yóò jìyà ńlá. Ó parí síbẹ̀.

Èmi ni mo ń darí àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ kírípítò kan l'Ékòó. Iṣẹ́ mi nìyẹn nígbà náà, òun náà ni iṣẹ́ mi títí di òní. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti mẹ́nu kan ẹni tí owó rẹ̀ ti wà lọ́nà ní wákàtí yẹn, mi ò rí i.

Oníbàárà kan wà tí a máa ń pè ní Màmá Oníbàtà. Bàtà ọmọdé ló ń tà lọ́jà Balógun, láti Guangzhou nílẹ̀ Ṣáínà ló sì ti ń kó o wá. Kò mọ nǹkan kan nípa bitcoin, kò sì wù ú láti mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé bí òun bá lọ sí báńkì láti béèrè dọ́là, wọ́n á ní kí òun lọ máa bọ̀, àti pé ẹni tó ń ta bàtà fún òun ń gba USDT. Dọ́là inú fóònù ni USDT, ọ̀kan rẹ̀ dúró fún dọ́là kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a fi àpù wa sórí fóònù lọ́dún 2020. Láti ìgbà náà, yóò san náírà sọ́dọ̀ wa, yóò fi ra USDT, yóò fi ránṣẹ́ sí Ṣáínà, wọ́n á sì di bàtà rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi.

Lọ́dún 2021, 12 oṣù Kejì ni ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà bọ́ sí. Gbogbo ẹni tó ń kó ọjà láti ibẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ á ti ìlẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tí kò bá sì sanwó kí wọ́n tó lọ, ẹ̀yìn ni yóò tò sí nígbà tí wọ́n bá dé. Màmá ti sanwó láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà. Báńkì rẹ̀ ti yọ owó, àlẹ́ẹ̀tì ti wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náà kò tíì hàn nínú àpù wa, torí pé ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gba owó láti ọwọ́ àwọn báńkì kò tíì fi jíṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, àkáǹtì tí owó náà gbà kọjá ti wà ní títì pa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó jókòó, ó fa ọ̀rá dúdú kan yọ láti inú báàgì rẹ̀, ó tú u. Ìwé tí báńkì tẹ̀ fún un ló wà nínú rẹ̀, ó ti ká a sọ́nà mẹ́rin, ó sì ti fi bírò búlúù fa ìlà sábẹ́ iye owó náà, ìlà méjì, ó tẹ bírò náà débi tí ìwé fi fẹ́ ya.

"Ọmọ mi, wò ó. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ mi. Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Rárá o, Màmá. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa."

"Níbo ló wá wà?"

Ẹnu mi wọhò. Mo mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbà á, mo mọ báńkì tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí mo lè pè tí yóò dá mi lóhùn. Ó wo ojú mi títí, ó ká ìwé rẹ̀ padà sọ́nà mẹ́rin, ó tún dì í sínú ọ̀rá.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ti ń bá mi gbé. Ẹni tó ń kọ òfin a máa ṣe bí ẹni pé ibi méjì péré ni owó ń gbé, yálà kó wà lápò ẹni tó ni ín tàbí lápò ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fòfin mú. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ pé ibi kẹta wà. Ní wákàtí èyíkéyìí tí a bá ṣílẹ̀kùn, owó àwọn èèyàn wà lójú ọ̀nà. Òmíràn ti kúrò ní báńkì, kò tíì wọ àpù. Òmíràn ti wọ àpù, ẹni tó ni ín kò tíì fi ra nǹkan kan. Òmíràn, a ti dá a padà, báńkì kò tíì gbà á wọlé. Òfin tó bá sọ pé "lójú ẹsẹ̀" ń sé ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo owó wọ̀nyẹn ni, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ni wọ́n kò sí lára ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí owó Màmá tó padà sí báńkì rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò dín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ lórí ìlà ní Guangzhou ti lọ, bàtà tó yẹ kó tà fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ dé nígbà tí ọdún ti kọjá. Bí ẹ bá wo ìwé àkọsílẹ̀ wa, ẹ ó rí i pé oníbàárà náà gba owó rẹ̀ pé. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi ìwé àkọsílẹ̀ nìkan ṣe ẹ̀rí bí òfin kan ṣe bá àwọn èèyàn.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí mò ń wí yìí, a fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mo ní ewu kan kò sí fún owó wọn. Ní ti kírípítò tó wà lọ́dọ̀ wa, òótọ́ ni mo sọ. Ní ti náírà, n kò mọ̀, mo sì kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀. Ó dùn mí títí di òní. Àṣẹ kan wà tí mo fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ látìgbà náà: ẹ má sọ fún oníbàárà pé kó fọkàn balẹ̀. Ẹ sọ ibi tí owó rẹ̀ wà fún un. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì dá ìgbà tí ẹ ó tún pè é.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, n kò bá òfin ṣọ̀tá. Kì í ṣe pé CBN ṣàdédé jí lọ́jọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó ti kìlọ̀ fún àwọn báńkì ní oṣù Kìíní 2017, ó tún sọ ọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn aráàlú ṣì ń sunkún owó tó bá MMM, ètò sogúndogójì, lọ ní ìparí 2016 nígbà yẹn. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí n kì í gba ìpè ẹnì kan tí gbájúẹ̀ ti fi orúkọ bitcoin gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí FTX, ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ kírípítò kan nílẹ̀ òkèèrè, wó lulẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2022, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí owó wọn há síbẹ̀, ohun tó sì fà á ni pé kò sẹ́ni tó di ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mú nígbà tó ń ná owó oníbàárà bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Mo fẹ́ ẹni tí yóò máa yẹ ìwé wa wò. Mo fẹ́ kó le.

Ohun tí n kò fẹ́ ni kí àgbà méjì máa fún ọmọ kan ní àṣẹ tó ta ko ara wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, sọ pé òun yóò máa ka kírípítò sí dúkìá ìdókòwò, òun yóò sì ṣe ìlànà fún àwa tó ń tà á. Oníbàárà gbọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní ìjọba ti mọ̀ sí i. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà CBN dé, SEC fúnra rẹ̀ sì so ètò tó ń ṣe rọ̀. Èwo ni kí Màmá Oníbàtà gbọ́ nínú méjèèjì?

Àwọn kan rò pé lẹ́tà yẹn pa òwò náà. Kò pa á. Bí a bá lé ewúrẹ́ kan ògiri, yóò kọjú sí ni ni. Òwò náà kúrò lójú títì, ó bọ́ sínú kọ̀rọ̀ tí a ń pè ní P2P. Bó ṣe ń lọ nìyí. Ìwọ tí o ní USDT yóò gbé e síta, o ó sọ réètì tí o fẹ́ ṣẹ́ ẹ. Ẹnì kan tí o kò mọ̀ rí yóò ní òun fẹ́ rà. Àpù yóò di USDT rẹ mú kí o má baà gbé e sá. Ẹni náà yóò san náírà láti àkáǹtì rẹ̀ tààrà sínú àkáǹtì tìrẹ. Bí àlẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, o ó tẹ ibi tí a kọ "release" sí, USDT á bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ bíi tiwa kò fọwọ́ kan náírà náà rárá. Báńkì kàn ń rí i pé Ṣadé sanwó fún Múfú ni.

Òfin kan ṣoṣo tí gbogbo vendor, ìyẹn àwọn tó fi P2P ṣiṣẹ́ ṣe, kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn lórí P2P ni pé, má kọ ọ̀rọ̀ kírípítò sí ibi tí báńkì ti ń béèrè ohun tí owó wà fún. Ẹni tó bá kọ USDT síbẹ̀ ti ti àkáǹtì vendor pa. Àwọn èèyàn wá ń kọ owó oúnjẹ, owó aṣọ, owó bàtà. Ẹ rò ó wò ná. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò ṣe ibi kankan ń kọ irọ́ sínú ìwé báńkì lójoojúmọ́, nítorí òótọ́ yóò gba àkáǹtì wọn lọ́wọ́ wọn. Báńkì tó bá sì fẹ́ wá olè nínú ìwé bẹ́ẹ̀, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dún 2022, ọmọ yunifásítì kan pè mí láti Ọ̀gbómọ̀ṣọ́. Ó ń ya àwòrán àmì ìdánimọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké nílẹ̀ òkèèrè, USDT ni wọ́n sì fi ń san án. Ó tà á lórí P2P bó ṣe máa ń ṣe. Orúkọ tó hàn lára ẹni tó rà á yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lára owó tó wọlé. Vendor tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á ti dá owó náà padà lójú ẹsẹ̀, torí àmì ewu tó ga jù nìyẹn. Ọmọ náà rí i, ó bi ẹni náà léèrè, ẹni náà ní àkáǹtì ìyàwó òun ni. Owó ilé ọmọ náà ti tó san. Ó tẹ release.

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn náà, báńkì ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Obìnrin kan ní Enugu ló ni owó náà. Wọ́n já fóònù rẹ̀ gbà, wọ́n fi kó gbogbo ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Olè náà kò mú náírà sá lọ, USDT ló fi rà lọ́wọ́ ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà.

"Bọ̀dá, wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí mo tà fún obìnrin náà. Kí ni kí n sọ?"

Bó bá sọ pé kírípítò ni, àṣẹ 2021 ní kí báńkì ti àkáǹtì rẹ̀ pa títí láé. Bó bá sọ nǹkan mìíràn, irọ́ ni. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà mo sọ fún un pé kó má dárúkọ kírípítò. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọ́fíìsì wa pé kí wọ́n sọ òótọ́ fún oníbàárà, èmi ni mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kó purọ́. Ó lọ sọ pé fóònù lòun tà. Wọ́n béèrè ìwé tí wọ́n fi ra fóònù náà. Irọ́ kan di méjì. Wọ́n ní kó lọ gba lẹ́tà wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá tí obìnrin náà fẹjọ́ sùn, láti Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ dé Enugu. Oṣù mẹ́rin ni àkáǹtì náà fi wà ní títì, owó gààrí tí ìyá rẹ̀ fi pa mọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ó fẹ́ fi san owó iléèwé àbúrò rẹ̀.

Ká ní ọdún 2020 ni, tó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni olè yẹn ti fẹ́ ra USDT, ẹ̀rọ wa ìbá ti kọ owó náà nítorí orúkọ tó wà lára rẹ̀ kò bá ti BVN rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì, mu. Bó bá tilẹ̀ yọ́ kọjá, a ní fọ́tò ojú rẹ̀ lọ́wọ́, a sì lè fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Àṣẹ tí wọ́n ní àwọn fi lé olè ló gba ojú kúrò lára olè. Ohun tó wà lọ́kàn mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé tí wọ́n bá gbà mí láyè láti sọ̀rọ̀.

Ìlànà SEC jáde ní oṣù Karùn-ún 2022. Ó dára lọ́pọ̀ ọ̀nà. Ó ní ẹni tó bá ń tọ́jú dúkìá oníbàárà gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára tirẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ gbọ́dọ̀ ní ₦500 mílíọ̀nù owó ìdásílẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ àṣẹ CBN ṣì ń ti ìlẹ̀kùn báńkì, nítorí náà ìwé lásán ni fún oníbàárà.

Nígbà tó di 22 oṣù Kejìlá 2023, CBN yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní báńkì lè ṣí àkáǹtì fún wa wàyí, bí a bá ti ní ìwé àṣẹ SEC. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jó. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí oṣù náà tó parí, àwọn oníbàárà ti ń pè pé, ṣé àwọn lè wá sanwó láti báńkì àwọn báyìí? Mo ní rárá. Wọ́n ní, ṣebí CBN ti gbà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ rí bí ìdáhùn yẹn ṣe rí létí ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí? Ilẹ̀kùn ti ṣí, ìwé àṣẹ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan ní Nàìjíríà tó tíì ní ìwé náà. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2024 ni SEC kọ́kọ́ fọwọ́ sí ti ilé-iṣẹ́ Busha àti Quidax, ìyẹn náà sì jẹ́ ìfọwọ́sí ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló wà láàárín ọ̀rọ̀ CBN àti ìfọwọ́sí yìí.

Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn ni ìjì jà jù. Náírà ń já wálẹ̀, ìjọba sì nawọ́ sí àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là inú fóònù. Ní oṣù Kejì 2024, wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì dí ojúlé Binance, ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ kírípítò ilẹ̀ òkèèrè, àti ti àwọn mìíràn pa, wọ́n sì dá àwọn ọ̀gá Binance méjì dúró ní Àbújá. Binance yọ náírà kúrò lórí P2P rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní òun kò gba náírà mọ́ láti 5 oṣù Kẹta, pé ẹni tó bá ní náírà lọ́dọ̀ òun kó kó o jáde kó tó di ọjọ́ kẹjọ. Náírà tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sọ ọ́ di USDT ní ₦1,515.13 fún ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó gba owó àwọn oníbàárà wọ̀nyẹn mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n bá USDT wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni. Ẹni tó wà lóko ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tàbí tó wà nílé ìwòsàn, tàbí tí fóònù rẹ̀ bàjẹ́, ẹlòmíràn ló bá a yan ohun tí owó rẹ̀ yóò dà àti réètì tí wọn yóò fi ṣẹ́ ẹ.

Ní oṣù Kẹrin, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá fún EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, láṣẹ láti ti àkáǹtì 1,146 pa, lórí ẹ̀sùn pé àwọn tó ni wọ́n ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè láìgba àṣẹ. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, olórí SEC, Emomotimi Agama, sọ fún àwa tó wà nídìí òwò náà pé wọ́n fẹ́ kí náírà kúrò lórí P2P. Iṣẹ́ mi ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni láti máa gbọ́ ẹ̀rù nínú ohùn àwọn èèyàn. Ẹni tó ti bá vendor kan ṣòwò lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún tó kọjá ń pè láàjìn pé, ṣé orúkọ òun náà lè wà níbẹ̀? Wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ wọn, wọ́n tún ń ti tẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ilẹ̀kùn iwájú ti ṣí.

Ohun mìíràn wà tí àwọn oníwèé ìròyìn kì í kọ nípa rẹ̀, torí ó kéré lójú. Orúkọ ni. Bí a ṣe ń sún mọ́ ìwé àṣẹ, a ní láti rí i pé orúkọ oníbàárà bára mu nínú NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, nínú BVN àti nínú àpù. Ó dára bẹ́ẹ̀, mo ti sọ bí ó ṣe lè mú olè. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí orúkọ Yorùbá ṣe rí. Oluwadamilola ló wà nínú NIN, Damilola ni báńkì kọ, Dammy ló fi sínú àpù lọ́dún 2019. Obìnrin lọ sílé ọkọ, orúkọ yí padà nínú NIN, ti BVN ṣì jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún BVN fi ti ìdílé ṣáájú, ó fi ti àbísọ gbẹ̀yìn, ó sì yọ lẹ́tà kan. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé èèyàn kan náà ni. Ó ti wọ́lẹ́ẹ̀tì wọn pa títí tí wọn yóò fi tún un ṣe, àtúnṣe náà sì gba kí wọ́n lọ tò ní ibi méjì tàbí mẹ́ta. Mo yan ọmọ iṣẹ́ méjì tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n jókòó ti irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n máa mú wọn lọ́wọ́ láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀. N kò rí owó tí a ná tó wúlò tó èyí.

Ní oṣù Kẹta 2025, òfin ìdókòwò tuntun dé, tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí. Ó gbapò ti 2007, ó sì sọ ọ́ gbangba pé dúkìá ayélujára wà lábẹ́ SEC. Láti 1 oṣù Kìíní 2026, òfin owó orí tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó bá jèrè lórí kírípítò mọ̀ pé ìjọba ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà tí mo mọ̀ kò kọ̀ láti san owó orí. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé kí wọ́n jí lọ́jọ́ kan kí ohun tí wọ́n ti ń ṣe ní gbangba di ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Bí àjọ kan bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, kó fún owó tó wà lójú ọ̀nà ní ọjọ́ tí yóò fi dé ilé. Kó kọ iye ọjọ́ náà sínú àṣẹ fúnra rẹ̀, kó má fi sílẹ̀ fún báńkì, nítorí báńkì tí ìyà wà lórí rẹ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ọgbọ̀n ọjọ́ tó. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má lè kó owó tuntun wọlé, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní owó níbẹ̀ lè kó o jáde. Kí wọ́n sì kọ lẹ́tà kan sí oníbàárà fúnra rẹ̀, ní èdè tó gbọ́, kí Màmá Oníbàtà lè kà á ní Yorùbá kó mọ ohun tó kàn án láti ṣe. Lẹ́yìn èyí, kí ẹni tí owó olè bá bọ́ sínú àkáǹtì rẹ̀ láìmọ̀ lè sọ òótọ́ ní káńtà báńkì láìsí ìjìyà. Bí ìyẹn nìkan bá ṣeé ṣe, n kò ní tún sọ ohun tí mo sọ fún ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Màmá Oníbàtà ṣì jẹ́ oníbàárà wa. Nígbà tí báńkì tún ṣílẹ̀kùn fún wa, mo pè é fúnra mi, mo ní, "Màmá, ẹ ti lè sanwó bí ẹ ṣe ń san án tẹ́lẹ̀." Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní, "Ṣé wọn ò tún ní tì í?" Mo sọ fún un pé n kò mọ̀, pé bí mo bá ti mọ̀, màá pè é kí n tó pe ẹlòmíràn. Ó ní ó dára.

Ó padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ni mo kíyè sí nǹkan kan nínú àkáǹtì rẹ̀, mo wo oṣù kan, mo wo èkejì, mo padà sẹ́yìn títí dé ọjọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló máa ń sanwó, kì í kọjá ọjọ́ Rú kó tó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ṣáínà. Bí ó bá ṣẹ́kù, bó ṣe wù kó kéré mọ, yóò dá a padà sí báńkì rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Kò tíì jẹ́ kí owó rẹ̀ kan ọjọ́ Ẹtì lọ́dọ̀ wa rí.